ÀṢÀ NI, ÀBÍ IRỌ́ NI? OHUN TÍ KÓÒTÙ TI SỌ LÓRÍ OGÚN ỌMỌBÌNRIN ÀTI OPÓ

Bí wọ́n bá ti jẹ, tí wọ́n ti mu níbi òkú tán, tí onílù ti kó ìlù rẹ̀, tí wọ́n ti tú àtíbàbà, ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Ta ló ni ilé? Ta ló ni ilẹ̀ oko? Owó tó wà ní báńkì ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹnu ti ń gbóná. Nígbà míì, ọmọbìnrin olóògbé ni wọ́n á kọ́kọ́ kọjú sí: "Ìwọ ti lọ́kọ, ilé ọkọ ni ilé rẹ." Bí wọ́n bá parí tirẹ̀, ó di ti opó: "Ìwọ ò sí lára ẹ̀jẹ̀ wa." Gbólóhùn kan náà ni wọ́n máa ń fi dì í: "Àṣà ni. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí tọkùnrin tobìnrin gbọ́ rèé. Àṣà tí wọ́n ń pè lórúkọ yẹn ti dé kóòtù, kò sì dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn adájọ́ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fọwọ́ sí òmíràn, wọ́n da òmíràn nù. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àti èyí tí wọ́n dà nù, irọ́ lásán ni wọ́n lè fi lé e jáde nínú ilé bàbá rẹ̀.

BÀBÁ KÚ NÍ 1981, ÌDÁJỌ́ DÉ NÍ 2014

Ẹ wo ẹjọ́ kan tó dé òkè pátápátá. Lọ́dún 1981, ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ọmọ Ígbò, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Ukeje, kú l'Ékòó. Kò ṣe ìwé ìhágún kankan, bẹ́ẹ̀ ó ní dúkìá l'Ékòó. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ lọ gba ìwé àṣẹ láti máa ṣàkóso ogún náà. Àṣé obìnrin kan wà níta tó ní ọmọ bàbá náà lòun. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ olóògbé. Ọ̀rọ̀ àṣà Ígbò tún wọ inú ẹjọ́ náà, àṣà tó ní ọmọbìnrin kì í bá wọn pín ogún bàbá rẹ̀.

Obìnrin náà kò jókòó sílé sunkún. Ó gba Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ, ó jàre. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, ó tún jàre. Wọ́n gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ l'Ábújá. Ní oṣù April 2014, Adájọ́ Bode Rhodes-Vivour ka ìdájọ́ jáde: bó ti wù kí wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin, ó ní ẹ̀tọ́ sí ogún bàbá rẹ̀. Àṣà tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ta ko ìwé òfin Nàìjíríà, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Abala 42 ìwé òfin ọdún 1999 ni wọ́n dì mú. Ohun méjì pàtàkì ló wà níbẹ̀. Èkíní, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹnìkan jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin fi ohun tó tọ́ sí i dù ú. Èkejì, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí bí wọ́n ṣe bí ọmọ fìyà jẹ ọmọ. Ọmọ kọ́ ló yan ìyá, òun kọ́ ló yan ọ̀nà tó gbà wáyé.

Kí ni obìnrin yìí fi jàre? Kì í ṣe ariwo, kì í ṣe èpè. Ìwé ìbí rẹ̀ wà lára ohun tó kó síwájú adájọ́, orúkọ olóògbé ló sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi bàbá. Kí òǹkàwé rántí ọ̀rọ̀ ìwé yìí, ó ṣì máa wúlò níwájú.

Lọ́dún 2014 kan náà, ẹjọ́ opó kan láti Awka, ní Ìpínlẹ̀ Anambra, dé iwájú kóòtù kan náà. Ẹjọ́ Anekwe àti Nweke ni wọ́n ń pè é. Ọkọ obìnrin náà kú, àwọn ẹbí ọkọ ní kó kó jáde torí pé kò bí ọmọkùnrin. Ẹ gbọ́ ná! Bí ẹni pé obìnrin ló ń dá yan ohun tó ń bọ̀ nínú ikùn. Adájọ́ Clara Bata Ogunbiyi, tí òun náà jẹ́ obìnrin, ló kọ ìdájọ́ náà. Kóòtù bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí gidigidi, wọ́n ní kò bá ayé ọmọlúàbí mu, wọ́n sì dá opó náà láre.

ṢÉ TI YORÙBÁ YÀTỌ̀?

Ẹnìkan á ní, "Ti Ígbò nìyẹn, kí ló kan Yorùbá níbẹ̀?" Ó kàn wọ́n dáadáa. Bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo kóòtù tó wà nísàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àti kóòtù ìbílẹ̀ tó wà lábúlé. Abala 287 ìwé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Abala 42 kò sì béèrè bóyá Ìjẹ̀bú lèèyàn tàbí Nnewi kó tó dáàbò bò ó.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ní ti ọmọbìnrin, Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé kóòtù Èkó láti ayé àwọn òyìnbó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mabinuori kú lọ́dún 1881, ó fi ọmọ 12 sílẹ̀ pẹ̀lú ilé ẹbí. Ìjà ilé náà dé kóòtù lọ́dún 1908 sí 1909, òun ni wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Lewis àti Bankole. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ni pé ta ni olórí ẹbí lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti ń kú. Adájọ́ Àgbà Osborne dáhùn pé ọmọ tó dàgbà jù lára àwọn tó ṣẹ́ kù láyé ni, ì báà ṣọkùnrin, ì báà ṣobìnrin. Ó ti lé ní 110 ọdún báyìí. Nítorí náà, bàbá àgbà tó bá dìde níbi ìpàdé ẹbí, tó ní "nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin kì í jogún ilẹ̀," kò sọ ohun tí kóòtù mọ̀ sí àṣà Yorùbá. Tinú ara rẹ̀ ló ń sọ.

ÌDÍ-IGI ÀBÍ ORÍ-Ò-JORÍ?

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe pé ọkùnrin àbí obìnrin. Ọ̀rọ̀ ìyá ni. Bàbá fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ọmọ wọn kò sì pé iye kan náà. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in?

Ọ̀nà méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni ìdí-igi: ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan, ìdí kọ̀ọ̀kan a sì gba ìpín kan náà. Ìkejì ni orí-ò-jorí: wọ́n á ka orí ọmọ, wọ́n á pín in dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kó hàn kedere. Ká ní owó ilé tó wọlé lọ́dún jẹ́ ₦1,200,000. Ìyàwó àkọ́kọ́ bí ọmọ kan, ìkejì bí méjì, ìkẹta bí márùn-ún. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, ìdí kọ̀ọ̀kan gba ₦400,000. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìyálé á kó ₦400,000 náà lọ. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì á gba ₦200,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún ìsàlẹ̀ á gba ₦80,000 péré lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe orí-ò-jorí ni, àwọn mẹ́jọ̀ọ̀jọ ló máa gba ₦150,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti rí ohun tó ń fa ìjà. Ọmọ ìyálé á ní ìdí-igi ni àṣà, ọmọ ìyàwó kékeré á ní ayé ti lajú, orí-ò-jorí ni.

Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ló yanjú rẹ̀. Suberu Dawodu kú l'Ékòó lọ́dún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, Jibowu, fẹ́ kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí. Kóòtù tó ga jù ú lọ yí i padà lọ́dún 1958. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ti ń parí nígbà náà. Lọ́dún 1962, wọ́n fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, kò tíì kú. Orí-ò-jorí wà, ṣùgbọ́n olórí ẹbí ló lè sọ pé kí wọ́n lò ó bó bá rí i pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Nínú méjèèjì, ìdí-igi àti orí-ò-jorí, kò sí ibi tí wọ́n ti yọ ọmọbìnrin kúrò. Òun náà jẹ́ orí kan. Bó bá sì jẹ́ òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, òun nìkan ni ìdí kan.

ỌMỌ TÍ WỌ́N BÍ SÍTA

Ibòmíràn tí kóòtù ti yí ọ̀rọ̀ padà nìyí. Láyé ìjọba òyìnbó, bí ọkùnrin bá ti ṣe ìgbéyàwó alárédè, tó wá lọ bímọ síta, ọ̀rọ̀ ọmọ ìta náà di ọ̀rọ̀ orí ewé. Lọ́dún 1955, nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt, kóòtù gbà pé ọmọ tí bàbá bá ti jẹ́wọ́ pé òun ló ni í lè bá àwọn ọmọ inú ilé pín ogún. Nígbà tó di 1960, nínú ẹjọ́ Cole àti Akinyele, kóòtù tún yí i: wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá bí síta nígbà tí ìyàwó alárédè ṣì wà lọ́ọ̀dẹ̀ kò lè bá wọn pín in, bí bàbá bá tilẹ̀ jẹ́wọ́.

Ìwé òfin ọdún 1979 ló wá gbá ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti 1999 sì tún un kọ sínú abala 42 tó wà lókè yẹn. Ẹjọ́ Ukeje sì wá kàn án ní ìṣó. Láyé òní, ẹni tó bá pe ọmọ olóògbé ní ọmọ àlè kó lè jẹ ogún rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ sí. Ohun tí kóòtù máa béèrè ni pé: ṣé ọmọ rẹ̀ ni, àbí ọmọ rẹ̀ kọ́? Bó bá ti jẹ́ ọmọ rẹ̀, ó parí.

OPÓ NÍ TIRẸ̀ ŃKỌ́?

Ibi tọ́rọ̀ ti le rèé. Ẹni tó bá rò pé nítorí ọmọbìnrin ti bọ́, opó náà ti bọ́, kó mí kanlẹ̀ ná.

Lọ́dún 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ohun tí àṣà Yorùbá wí lórí opó. Wọ́n ní bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ìgbéyàwó náà sì jẹ́ ti ìbílẹ̀, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Kódà, wọ́n ní lójú àṣà, òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ẹbí ń jogún, bíi ti ayé ìgbà tí wọ́n ń ṣú opó. Nítorí náà, kò lè sọ pé kí wọ́n fún òun ní ìwé àṣẹ láti máa ṣàkóso ogún ọkọ òun. Ìdí tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé, ẹ̀jẹ̀ ọkọ kò sì sí lára aya. Ipasẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi ń jókòó sínú ilé náà. Bí kò bá wá bímọ ńkọ́? Ìdáhùn rẹ̀ korò.

Ẹjọ́ Awka ti 2014 gba ti opó Awka, ó sì fi ọ̀nà tí àwọn adájọ́ ń kọjú sí hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lórí lílé tí wọ́n ń lé opó torí pé kò bí ọkùnrin. Opó Yorùbá tó bá fọkàn tẹ ìyẹn nìkan, ó lè bá Akinnubi pàdé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù.

Ẹ wá wò ó bó ṣe rí. Obìnrin kan náà ni. Nílé bàbá rẹ̀, ọmọ ni, ìpín rẹ̀ dúró, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Nílé ọkọ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, tó ti bá wọn ru búlọ́ọ̀kù, tó ti ta ìpàpánu kí wọ́n tó rí owó páànù, àjèjì ni lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú. Èyí tó tún burú jù ni pé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń lé e. Àǹtí ọkọ tó ń pariwo pé "kóòtù ti ní ọmọbìnrin ń jogún," òun kan náà ló máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó gbàgbé pé opó lòun náà máa jẹ́ nílé ibòmíràn lọ́jọ́ kan.

Kí a má dá ẹbí lẹ́bi lápá kan, torí agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn àgbà ní ìdí tiwọn. Wọn ò fẹ́ kí ilé tí bàbá wọn kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọkọ tuntun tí opó lè lọ fẹ́. Ìyẹn yéni. Ṣùgbọ́n ilé bàbá wọn nìyẹn, ilé ẹbí. Èyí tí tọkọtaya fi òógùn ojú kọ́ ńkọ́? Ìyẹn kọ́ ni ilé bàbá ẹnìkan.

ÌWÉ LÓ Ń GBA OPÓ LÀ

Ọ̀nà àbáyọ wà, òfin sì ti là á sílẹ̀ tipẹ́. Láti ọdún 1898, nínú ẹjọ́ Cole l'Ékòó, kóòtù ti sọ pé ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin kò lè ní kí àṣà ìbílẹ̀ wá lé aya àti ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nídìí ogún. Lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ Obusez, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dúró ti ìyàwó alárédè àti àwọn ọmọ rẹ̀ lòdì sí àwọn ẹbí ọkọ tó fẹ́ fi àṣà gba ogún náà.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Opó 1997 àti opó 2007, ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ìfẹ́ tí ọkọ ní sí wọn. Irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ni.

Nítorí náà, kí tọkọtaya tí kò tíì ṣe é ronú sí i. Ẹni tó ti ṣe ìdána tó lárinrin, tí àlùfáà sì ti gbàdúrà fún, kó má rò pé ó ti parí. Àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kì í sọ ìgbéyàwó di ti òfin. Ṣọ́ọ̀ṣì náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, kí wọ́n sì fún tọkọtaya ní ìwé ẹ̀rí tó sọ pé lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ni wọ́n ṣe é. Bí kò bá sí èyí, kí wọ́n gba kóòtù ìgbéyàwó lọ. Ẹni tó sì ti ní ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò lè gba ọ̀nà yẹn, àfi kó ṣe ìwé ìhágún. Kó kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní gba nǹkan kan nínú rẹ̀, kó sì fi í pamọ́ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ ló lè há, ilé ẹbí kò ṣeé há fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ìwé ìhágún ń pe ikú. Àìṣe é ló ń pe ìjà.

Ilé tí tọkọtaya jọ kọ́, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Rìsíìtì sìmẹ́ńtì àti páànù tí ìyàwó fowó ara rẹ̀ rà, kó má fi di ẹ̀pà. Ọmọ tí wọ́n bí, nílé tàbí níta, kí bàbá gba ìwé ìbí fún un, kí orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìwé pélébé yẹn wà lára ohun tó gba ọmọ Ukeje là.

Bí ọ̀ràn bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí opó tàbí ọmọbìnrin má fọwọ́ sí ìwé kankan nípàdé ẹbí lọ́jọ́ tí omi ṣì wà lójú rẹ̀. Kó ní òun máa kà á ná. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò. Ará Èkó tún lè lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú ti ìjọba ìpínlẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Láti ikú bàbá ní 1981 dé ìdájọ́ ní 2014, ọdún 33 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí bàbá yẹn kú ti di ìyá ọmọ kó tó parí. Kò sí ẹni tó yẹ kó fẹ́ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó rin ìrìn náà gbà padà ti di ti gbogbo èèyàn. Olórí ẹbí tó bá mọ̀ ọ́n kò ní jẹ́ kó dé kóòtù. Bàbá tó bá mọ̀ ọ́n á ṣe ìwé rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ ogún, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.